Ìpè Tẹlifóònù Láti Ilé Ìtura Mayflower

Ìwé pélébé kan ni mo mú lọ sí ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo lọ, ìrònúpìwàdà kò sí níbẹ̀ rárá. Adájọ́ ni ó fún mi ní ìwé náà lẹ́yìn tí ọlọ́pàá mú mi níbi tí mo ti ń wa ọkọ̀ pẹ̀lú ọtí lójú ní agogo méjì òru. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi, iṣẹ́ ọkọ̀ àjàgbé tí mo fi ń bọ́ ilé bá a lọ, wọ́n sì ní kí n máa lọ sí ìpàdé Alcoholics Anonymous, tí gbogbo ayé ń pè ní AA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tí ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí alága ìpàdé kọ̀ọ̀kan sì máa fọwọ́ sí ìwé náà. Ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé. Mo ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀ láìmọ̀ pé ìlú yìí gan-an ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ti wa ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gíga kan ní àárín ìlú láìmọye ìgbà, ilé tí ó jẹ́ ilé ìtura nígbà kan rí, tí wọ́n ń pè ní Mayflower. N kò kọ orúkọ mi sí àkọsílẹ̀ yìí. Ìdí rẹ̀ yóò hàn bí mo bá dé ibẹ̀.

Bí ọtí ṣe di bárakú fún mi kò yàtọ̀ sí bí ó ṣe ń di bárakú fún ẹlòmíràn, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Pàrágà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní gáréèjì Ìwó Road n'Ìbàdàn; nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, mo bọ́ sórí ọtí fódíkà, nítorí mo gbà gbọ́ pé kì í rùn lẹ́nu. Ọjọ́ kan ni mo fi mọ̀, bí mo tilẹ̀ kọ̀ láti gbà, pé nǹkan ti bàjẹ́. Ọjọ́ tí a ń sọ àwọn ìbejì mi lórúkọ ni. Àgbà tí ó gbé ọtí lọ́wọ́ ń wúre pé ọtí kì í tí, pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní tí, gbogbo ilé ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n ojú mi lẹ̀ mọ́ ìgò náà, mo ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn pé mélòó ni yóò ṣẹ́ kù fún mi bí wọ́n bá tọ́ ọ wò kárí tán. Lẹ́yìn náà, mo fi Bíbélì búra, mo lọ sí ìṣọ́ òru, mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. N kò fẹnu kan ọtí ní gbogbo ọjọ́ mọ́kànlélógún náà. Ọjọ́ kejìlélógún, ọtí ni mo fi ṣínu.

Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé tí mo kọ́kọ́ lọ. Àga onírin ni wọ́n tò yí ká, ìkòkò kọfí ńlá kan ń hó ní kọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn bí ogún sì jókòó. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò kọ́kọ́ dá orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, láìfi ti bàbá rẹ̀ kún un, yóò sì sọ pé ọ̀mùtí bárakú ni òun. Ẹnu yà mí pé ènìyàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí èébú ni lọ́dọ̀ wa, èébú tí wọ́n fi ń kọ ọkọ sílẹ̀. Ẹni tí ó ṣe alága lálẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ táyà. Ó fọwọ́ sí ìwé mi, ó wò mí, ó ní, “Ìwé yìí yóò kún lọ́jọ́ kan. Kí ni ìwọ yóò wá mú wá lọ́jọ́ kejì rẹ̀?” N kò dá a lóhùn. Òun ni ó padà di ẹni tí ń tọ́ mi sọ́nà nínú ẹgbẹ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní sponsor. N kò lè máa pè é lórúkọ gàn-ún gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe, nítorí ó dàgbà ju bàbá mi lọ. Mo ní kí ó jẹ́ kí n máa pè é ní Bàbá, ó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó gbà.

Bàbá kì í wàásù, ìtàn ni ó máa ń sọ. Ọjọ́ Sátidé kan tí òtútù mú gan-an, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí iwájú ilé Mayflower náà, tí ó ti di ilé tí àwọn ènìyàn ń háyà gbé báyìí. A kò wọlé. Inú ọkọ̀ ni a jókòó sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí Bill Wilson, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ọmọ ìpínlẹ̀ Vermont tí ó ń ṣe òwò ìpín ìdókòwò ní New York, tí ọtí ti sọ di ẹni tí ìyàwó rẹ̀, Lois, ń fi owó iṣẹ́ ilé ìtajà bọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1934, ọ̀rẹ́ Bill kan tí wọ́n jọ ń mutí láti ìgbà pípẹ́, Ebby Thacher, wá kí i nílé ní Brooklyn. Bill gbé ọtí jíìnì síwájú rẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná, ọ̀rẹ́ náà sì ní òun kò mu. Ebby ti bá àwọn Oxford Group rìn, ìyẹn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan tí ń tẹnu mọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti àtúnṣe ohun tí a ti bàjẹ́ fún ẹlòmíràn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òun gan-an ni ó wá sọ. Bill kò jáwọ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ni ó wọ ilé ìwòsàn Towns ní New York fún ìgbà ìkẹyìn, lọ́dọ̀ Dókítà William Silkworth. Lójú dókítà yìí, àìsàn ni bárakú ọtí: ara ọ̀mùtí kò gba ọtí bí ara ẹlòmíràn ṣe ń gbà á, bí ẹ̀kán kan bá ti kan ọ̀fun rẹ̀, ara rẹ̀ yóò máa bèèrè òmíràn, ọkàn rẹ̀ kò sì ní yé tàn án jẹ pé lọ́tẹ̀ yìí, díẹ̀ ni òun yóò mu. Ní ilé ìwòsàn yẹn ni Bill ti ní ìrírí kan tí ó sọ pé ìmọ́lẹ̀ kún inú yàrá òun, kò sì tún mu ọtí mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1971.

Mo rò pé ibi ìmọ́lẹ̀ yìí ni Bàbá yóò dúró sí, nítorí ibẹ̀ ni àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ì bá dúró sí, a ó sì fi ṣe ẹ̀rí lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Kò dúró níbẹ̀. Oṣù márùn-ún tí ó tẹ̀ lé e ni ó fà yọ. Ní gbogbo oṣù márùn-ún náà, Bill ń wá ọ̀mùtí kiri ní ilé ìwòsàn àti ní ilé àánú, ó ń kó wọn wá sílé, ó ń wàásù ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fún wọn, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tí ó jáwọ́. Ó ráhùn fún Lois pé òfo ni gbogbo làálàá òun. Lois ní kò rí bẹ́ẹ̀, òun Bill ṣáà ni kò mutí. Silkworth ní tirẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó dín ìwàásù kù, kí ó kọ́kọ́ máa sọ fún wọn nípa àìsàn náà.

Oṣù karùn-ún ọdún 1935 ni òwò gbé Bill wá sí Akron. Wọ́n ń du ìdarí ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe ẹ̀rọ fún àwọn onírọ́bà, ìhà tirẹ̀ pàdánù, àwọn tí wọ́n jọ wá padà sílé, ó sì ku òun nìkan nínú ilé ìtura yìí pẹ̀lú nǹkan bí dọ́là mẹ́wàá lápò. Ọ̀sán Sátidé ni, ọ̀la rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ àwọn ìyá. Ilé ọtí wà ní apá kan gbọ̀ngàn, ẹ̀rín àwọn tí ń mu níbẹ̀ ń dé etí rẹ̀. Tẹlifóònù àti pátákó orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wà ní apá kejì. Bàbá nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé náà láti inú ọkọ̀ bí ẹni pé ọkùnrin náà ṣì ń lọ tí ó ń bọ̀ níbẹ̀. Bill yan orúkọ àlùfáà kan nínú pátákó náà, Walter Tunks, ó pè é, ó ní òun ń wá ọ̀mùtí kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Láti ọ̀dọ̀ àlùfáà yìí ni ó ti gba orúkọ àwọn ẹlòmíràn, ó ń pè wọ́n títí ó fi kan Henrietta Seiberling, ìyàwó ọmọ ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ táyà Goodyear sílẹ̀. Obìnrin yìí mọ oníṣẹ́ abẹ kan tí ọtí ń bá jà, Dókítà Bob Smith. Wọn kò lè pàdé lọ́jọ́ náà nítorí pé dókítà ti yó. Ó gbé òdòdó inú ìkòkò wálé fún ìyàwó rẹ̀ nítorí ọjọ́ àwọn ìyá, òun fúnra rẹ̀ sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ìkòkò náà.

“Ṣé o gbọ́ ohun tí ó wí lórí tẹlifóònù?” Bàbá bi mí. “Kò sọ pé òun fẹ́ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọ̀mùtí ni ó ń wá, kí òun má baà mutí.” Mo mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Ká má purọ́, ohun tí mò ń rò lọ́kàn ni bóyá yóò fọwọ́ sí ìwé mi fún ìrìn àjò ọjọ́ náà pẹ̀lú.

Ìwé náà kún, mo fi jíṣẹ́ fún kóòtù. Ọjọ́ 87 lẹ́yìn ọtí mi ìkẹyìn, mo lọ sí òde àádọ́ta ọdún ọ̀rẹ́ mi kan ní Cleveland. Ẹnikẹ́ni kò fi ọtí lọ̀ mí. Èmi fúnra mi ni mo dìde láti orí ìjókòó, mo rìn lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń pín in, ẹsẹ̀ mi kò sì wọ́ nílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi mu ún léraléra, tí n kò gbé ìpè Bàbá. Ọjọ́ kẹwàá ni ó wá kan ilẹ̀kùn ilé mi, ó ní kí n wẹ̀, kí n wọ aṣọ, ó gbé mi lọ sí ilé kan ní òpópó Ardmore, nọ́ńbà 855. Ilé Dókítà Bob ni, wọ́n ti sọ ọ́ di ibi ìrántí. Ilé ìdáná ni a dúró sí, orí mi ń fọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kó méjèèjì sápò.

Níbẹ̀ ni Bàbá ti parí ìtàn tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, Bill àti Bob pàdé ní ilé kékeré tí Henrietta ń gbé lẹ́nu géètì àgbàlá ńlá tí wọ́n ń pè ní Stan Hywet. Bob ti sọ fún ìyàwó rẹ̀, Anne, pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni òun yóò lò. Agogo mọ́kànlá alẹ́ kọjá kí wọ́n tó dìde, nítorí pé Bob kò tíì rí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ ọtí bí ẹni tí ó ti gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á. Bill kó wá sí ilé yìí, wọ́n jọ ń gbé, Anne ń ka Bíbélì fún wọn ní òwúrọ̀, Bob sì jáwọ́ nínú ọtí fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí àpérò àwọn dókítà ní Atlantic City, ó mutí láti ìgbà tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó mu ún délẹ̀délẹ̀. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí iṣẹ́ abẹ tí ó ní láti ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, Bill sì fún un ní ìgò bíà kan kí ọwọ́ náà lè dúró. Iṣẹ́ abẹ parí, Bob kò wálé, gbogbo wọn rò pé ó ti padà sídìí ọtí. Alẹ́ ni ó dé: ó ti ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bẹ àwọn tí ó jẹ lówó àti àwọn tí ó ti ṣẹ̀, èyí tí ó ti ń bẹ̀rù pé bí òun bá ṣe é, iṣẹ́ òun yóò bàjẹ́ nínú ìlú. Bíà òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni ọtí tí ó mu kẹ́yìn títí ó fi kú ní ọdún 1950. Ọjọ́ náà, ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1935, ni ẹgbẹ́ náà ń kà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí ju èyíkéyìí lọ nínú ìtàn náà. Wọn ì bá ti mú ọjọ́ ìmọ́lẹ̀ ilé ìwòsàn, wọn ì bá ti mú ọjọ́ tí àwọn méjèèjì pàdé, ọjọ́ tí ó lẹ́wà tí ènìyàn lè ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri. Ọjọ́ tí ẹni tí ó ti ṣubú dìde ni wọ́n mú, pẹ̀lú ìgò bíà nínú rẹ̀. Nínú ilé ìdáná yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo yọ ọwọ́ mi kúrò nínú àpò tí mo jẹ́ kí ẹlòmíràn rí bí ó ṣe ń gbọ̀n. Bàbá rí i, kò sọ nǹkan kan, ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tirẹ̀ náà ń gbọ̀n díẹ̀, ti ọjọ́ ogbó. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo ti ń ka ọjọ́ tèmi.

Kété lẹ́yìn bíà ìkẹyìn Bob ni òun àti Bill wá ẹnì kẹta lọ sí ilé ìwòsàn ìlú Akron. Amòfin ni, ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n ti gbé e wá síbẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, ó sì ti lu àwọn nọ́ọ̀sì nílùkulù. Ó dìde lórí ibùsùn náà, kò sì mutí mọ́. Mo fẹ́ràn amòfin yìí nítorí pé kò dá ohunkóhun sílẹ̀, ó kàn jáwọ́ ni.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1938, Bill kọ Ìgbésẹ̀ Méjìlá, ìyẹn ìlànà tí ọmọ ẹgbẹ́ ń tẹ̀ lé láti jáwọ́, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1939, tí orúkọ ẹgbẹ́ náà ti inú rẹ̀ wá. Ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ lórí àwọn ìgbésẹ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn kan fẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà jẹ́ ti onígbàgbọ́ pátápátá. Àwọn mìíràn, bíi Jim Burwell tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ nígbà náà, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ọlọ́run rárá. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni “Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí òye wa nípa rẹ̀ ṣe rí”. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ gbólóhùn yìí, ó bí mi nínú, olùṣọ́-àgùntàn kan tí mo sì sọ ọ́ fún ní kí n sá fún wọn nítorí pé wọn kì í dárúkọ Jésù nínú ìpàdé. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n mo ti dárúkọ Jésù nínú ìṣọ́ òru méje pẹ̀lú ìgò nínú ọkọ̀ mi. Lónìí, Mùsùlùmí kan, obìnrin kan tí ó ní òun kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà, àti èmi tí mo jẹ́ ọmọ Áńgílíkà ni a jọ ń fọ ife kọfí lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, a kò sì tíì ja ìjà kankan lórí rẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án tí mo jáwọ́ ni ìgbéraga wọ̀ mí, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sì ná mi ní 240 dọ́là. Mo pinnu pé èmi ni yóò gba gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Ohio sílẹ̀ lọ́wọ́ ọtí. Mo tẹ pátákó aláṣọ gígùn kan, àwòrán mi wà nínú rẹ̀ tòun ti agbádá, mo sì kọ lẹ́tà sí àwọn olówó wa ní Texas pé kí wọ́n wá ṣe ìfilọ́lẹ̀. Bàbá wo pátákó náà títí. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ John D. Rockefeller, Jr. fún mi. Ní ìparí ọdún 1937, Bill àti àwọn díẹ̀ lọ bá àwọn ènìyàn olówó ńlá yìí. Èrò wọn ni láti kọ́ ilé ìwòsàn káàkiri, kí wọ́n sì máa san owó fún àwọn oníwàásù. Rockefeller fẹ́ràn wọn, ó sì fi 5,000 dọ́là péré sílẹ̀ fún àìní Bob àti Bill ní ọdún 1938, ó ní owó yóò ba nǹkan yìí jẹ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1940, ó tún se àsè fún wọn, ó pe àwọn ọlọ́rọ̀ New York jọ, gbogbo wọn sì rò pé àpò ti fẹ́ ya. Ara rẹ̀ kò yá, ọmọ rẹ̀ Nelson ni ó gbẹnu sọ fún un, ó sì sọ fún àwọn àlejò náà pé iṣẹ́ tí ẹnìkan ń ṣe fún ẹnìkejì lọ́fẹ̀ẹ́ ni iṣẹ́ yìí, kò fẹ́ ju inú rere wọn lọ. Ní àkókò kan náà, Bill àti Lois kò nílé lórí: wọ́n ti gba ilé Brooklyn náà lọ́wọ́ wọn ní oṣù tí ìwé jáde gan-an, ìwé kò tà, ilé ọ̀rẹ́ dé ilé ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń gbé fún ọdún méjì. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó síbi àsè yẹn, ǹ bá bú sẹ́kún.

Bàbá kò tíì parí. Ó ní ní ọdún 1840, àwọn ọ̀mùtí mẹ́fà ní Baltimore pa ẹnu pọ̀ nínú ilé ọtí pé àwọn yóò jáwọ́, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Washingtonian. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ti di ọ̀kẹ́ àìmọye. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣèlú dá sí i, àwọn tí ń jà lórí òwò ẹrú àti àwọn tí ń jà kí ìjọba fòfin de ọtí fà wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọn olókìkí wọn ń gun pèpéle kiri, àwọn kan nínú wọn sì tún ń mutí. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi tú ká. Ọ̀rọ̀ wọn wà lára ohun tí Bill ń tọ́ka sí nígbà tí ó kọ Àṣà Méjìlá ní ọdún 1946, èyí tí wọ́n gbà wọlé ní ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ ní Cleveland ní ọdún 1950: pé kí ẹgbẹ́ má gba owó lọ́wọ́ ará ìta, kí ó má dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án, kí ọmọ ẹgbẹ́ má sì fi orúkọ àti ojú ara rẹ̀ hàn nínú ìwé ìròyìn, rédíò tàbí fíìmù. Òun náà jìyà àṣà yìí. Yunifásítì Yale fẹ́ fi oyè dókítà dá a lọ́lá ní ọdún 1954, ó kọ̀ ọ́. Ìwé ìròyìn Time fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ sí iwájú ìwé, ó kọ ìyẹn náà, bí wọ́n tilẹ̀ ní kí ó kẹ̀yìn sí kámẹ́rà. Nítorí náà ni orúkọ mi kò fi sí níhìn-ín. Ní ti pátákó aláṣọ náà, mo ń fi í bo ẹ̀rọ ìgékoríko mi, agbádá wà ní abẹ́.

Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ náà gbà tàn ká lẹ́yìn èyí, ẹ lè kà á níbòmíràn: ìwé ìròyìn Saturday Evening Post kọ nípa wọn ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 1941, iye wọn sì fò láti nǹkan bí 2,000 dé 8,000 kí ọdún tó parí, wọ́n dé Dublin ní ọdún 1946, wọ́n dé London ní ọdún 1947. Ohun kan tí Bàbá kì í fò ni ọdún 1945, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú, tí ọ̀pọ̀ ìpàdé kò gbà wọlé nígbà náà, dá tiwọn sílẹ̀ ní Washington, lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀, pẹ̀lú dókítà kan tí wọ́n ń pè ní Jim. “Wọ́n jáwọ́ tán, wọ́n ṣì ní láti wá yàrá,” ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín bí ó bá ń sọ ọ́.

Èyí tí ó wọ ìyàwó mi lọ́kàn yàtọ̀. Èmi ń yọ̀ pé mo ti dènìyàn, inú òun ń bàjẹ́ sí i, n kò mọ ìdí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń múra ìpàdé, ó ju ṣíbí ọbẹ̀ sínú agbada, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi gbààwẹ̀ lórí yín, ẹ kò gbọ́. Àwọn tí kò mọ ibi tí wọ́n ti bí yín bu kọfí fún yín, ẹ sì gbọ́.” N kò rí èsì fọ̀. Mo rò ó fún Bàbá, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó wúkọ́. Ó ní Lois náà bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́ lu Bill, ó fi ìpàdé rẹ̀ ṣépè, nítorí pé ohun tí ìfẹ́ òun kò lè ṣe fún ọdún mẹ́tàdínlógún, àwọn àlejò ṣe é. Bàtà yẹn wà nínú ohun tí ó mú kí Lois rí i pé ará ilé ọ̀mùtí náà ní àìsàn tirẹ̀, tí òun àti Anne kan, ìyẹn kì í ṣe ìyàwó Bob, fi kó àwọn ẹgbẹ́ ìdílé jọ ní ọdún 1951, tí wọ́n ń pè ní Al-Anon. Ìyàwó mi ń lọ sí tiwọn ní Ọjọ́bọ̀. Kì í sọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ fún mi, n kì í sì í bi í.

Ní oṣù kẹfà ọdọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn máa ń wá sí Akron nítorí ọjọ́ ìbí náà, wọ́n á gun alùpùpù ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ lọ sí itẹ́ òkú Mount Peace tí wọ́n sin Bob àti Anne sí. Ibojì lásán ni. Orúkọ àti ọdún ni ó wà lára òkúta náà, ẹgbẹ́ náà kò sí lára rẹ̀ rárá. Mo mọ ọmọ Yorùbá tí ó kọ́ ilé lé ibojì bàbá rẹ̀, tí ó fi táìsì Ítálì tẹ́ ẹ, mo sì mọ ohun tí bàbá náà ṣe láyé tí kò tó kàǹga kan fún ìlú. Mo fi owó onírin mi, èyí tí ẹgbẹ́ fi ń ṣàmì ọdún kan láìmutí, lé orí òkúta yẹn, mo tún mú un padà, nítorí ọkàn mi kọ̀ láti fi í sílẹ̀. Bàbá rí mi, kò wí nǹkan kan.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọkùnrin wa kan láti Columbus gba nọ́ńbà mi lọ́wọ́ ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó pè mí ní agogo mọ́kànlá alẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fẹ́ lò.” Ó sọ̀rọ̀ títí, ó sunkún díẹ̀, ó purọ́ díẹ̀, mo mọ àwọn irọ́ náà nítorí èmi náà ti pa wọ́n. Ó wá sí ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò rí i mọ́. Mo ṣì ń pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tẹlifóònù ń dún títí yóò fi dákẹ́, mo sì ń fi ohùn sílẹ̀.

Ohun tí òun kò mọ̀ ni pé wọ́n ti pè mí láti Ìbàdàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó pè mí pé ìyá mi ti kú. Àwọn ará wa wá kí wa kú ọ̀fọ̀, wọ́n gbé ìrẹsì, wọ́n gbé ẹran, ẹnìkan sì gbé páálí bíà kan wá fún àlejò, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, tí ìyàwó mi àti àwọn ọmọ sùn, mo jókòó sí ilé ìdáná. Mo ní Bàbá ti sùn, n kò ní dà á láàmú. Mo ti fi ọ̀bẹ la ọ̀rá orí páálí náà nígbà tí tẹlifóònù dún. Nígbà tí a parí ọ̀rọ̀, agogo méjì òru ti kọjá, ìgò mẹ́rìnlélógún ṣì wà nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e wá.